Oríkì tí Mo Kì fún Ọmọ Inú Kùrukùru

Ẹ sún wọlé dáadáa, ẹ̀yin ará ilé mi. Òjò ti sé yín mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹni tí òjò bá sì sé mọ́ ilé ọdẹ, ìtàn ni yóò jẹ títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kí ó ká a kò. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń di, kí ó wá jókòó níwájú. Èmi Ọdẹ́gbàmí ọmọ Àwẹ̀ró ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì létí odò tí ẹfọ̀n náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí bí ọmọ ìyá mi. Èmi ni iwin máa ń yà fún lọ́nà kí n tó ní kí ó yà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé mo ń fọ́nnu, kí ó jáde sínú òjò yìí kí ó lọ bi ẹfọ̀n náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n. Àárò ìyá mi ni ó ń sọ mí láti òwúrọ̀. Bí àárò ìyá bá sì ń sọ arúgbó, ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀ kí ara lè tù ú.

Láyé ìgbà náà, iná mànàmáná kò tíì dé ìlú wa. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, ìyá mi á tẹ́ ẹní ìko sí àgbàlá, àwa méjèèjì á dùbúlẹ̀, a ó máa wojú ọ̀run. Òun ni ó máa ń yan ẹran tí mo bá pa, nítorí náà òórùn èéfín kì í kúrò lára ìró rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnìkan bá ń yan ẹran ládùúgbò, mo máa ń dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà kí n tó kọjá. Ó dùn mí pé ìgbà yẹn ti lọ, n kò sì rí ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ní àárín ibi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí jù lókè, bí ẹni pé ẹnìkan da èlùbọ́ sílẹ̀, ibì kan wà tó dúdú kirikiri. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ihò. Wọ́n ní ọ̀run ló lu níbẹ̀, pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, inú ìyá mi a bàjẹ́, kò sì ní í bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá mi gbé nílé ọkọ kí ó tó bí mi. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, igbá òfìfo ni àwọn orogún rẹ̀ ń pè é, nígbà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn lójú rẹ̀ kòrókòró. "Ọdẹ́gbàmí," ni ó máa ń wí fún mi lórí ẹní, "ibi tó ṣókùnkùn kì í ṣe ibi tó ṣófo. Nǹkan wà níbẹ̀ yẹn. Ojú ló kàn kéré."

Ọdún tí mo lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò lè jáde sí àgbàlá mọ́. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. "Ọmọ mi," ni ó wí, "kò sí igbó tí o kò tíì wọ̀. Lọ bá mi wo inú Ihò yẹn kí n tó kú. Bí ó bá ṣófo, wá sọ fún mi pé ó ṣófo. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara mi ni mo ń tàn láti ọjọ́ yìí wá."

Kí ni n ó wí? Ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́rìndínlógún wá kò lẹ́nu láti sọ pé ọ̀nà jìn. Mo gbé ìbọn mi, mo fi àpò kọ́ apá, mo jáde. N kò ní í ka òkè tí mo gùn àti odò tí mo là kọjá fún yín. Ẹni tó bá ń ka odò kì í ṣe ọdẹ, atukọ̀ ni.

Mo wọ igbó kan tí àwọn igi rẹ̀ kò ní òjìji. Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹbọra kan tí ń jẹ́ Elétí-Àtẹ. Etí kan ṣoṣo ni ó ní, ṣùgbọ́n etí náà fẹ̀ tó àtẹ tí àwọn obìnrin fi ń fẹ́ ọkà, ó sì gbé e lé èjìká bí ẹrù. Ó dí ọ̀nà mọ́ mi.

"Ìwọ ọdẹ," ni ó wí, "ẹni tó bá fẹ́ kọjá níbí yóò túmọ̀ àlọ́ kan fún mi. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, n ó jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, kí ó máa fi tòsì tọ lọ sílé."

"Pa àlọ́ náà kí n gbọ́," ni mo wí.

"Ilé kan wà tí kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Àlejò kan ń gbé inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹyin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí nílé wa."

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ilé yín ni yóò máa pọ̀n ọ́ rìn nígbà náà," ni ó wí, ó sì di ẹsẹ̀ mi ọ̀tún mú. "Ta ló sọ fún ọ pé mo ti parí àlọ́ mi? Àlejò náà ń jẹun lójoojúmọ́, òde sì ni oúnjẹ náà ti ń wá. Ta ní ń gbé oúnjẹ fún ẹyin?"

Ẹ̀yin ará ilé mi, òógùn bò mí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí o, ẹ̀rù kì í ba irú mi, ara mi ló kàn gbóná. Ni mo bá rántí ìyá mi àti ọdún mẹ́rìndínlógún rẹ̀, mo ní, "Oyún ni."

Ó fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó gbé mi sí àárín etí rẹ̀, ó sì fẹ́ mi sókè bí a ti ń fẹ́ ìyàngbò. Ìbọn mi ń lù mí lẹ́yìn, àpò mi ń lù mí níwájú, títí tí ilẹ̀ ayé fi sọnù lójú mi.

Ibi tí mo balẹ̀ sí ni ìlú àwọn ìràwọ̀ tó ti dàgbà. Gbogbo ará ìlú náà ni ara wọn ń tàn, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fìlà bojú kí n tó lè kí wọn. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀nà Ihò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Baálẹ̀ wọn, tí iná ń ṣẹ́ yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀, ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní ahoro? Kò sí èèyàn gidi kan tó ti ibẹ̀ wá rí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Baba," ni mo wí, "níbo ni wọ́n ti bí yín?"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Baálẹ̀ ní, "A kàn bá ara wa níbí ni." Àánú wọn ṣe mí. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Baálẹ̀ ní ojú agbo? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kọrí sí ibi tó dúdú tí wọn kò fẹ́ wò.

Bí mo ti wọ inú Ihò ni òtútù gbá mi mú. Ọyẹ́ ilé wa, ọmọdé ni níwájú òtútù yẹn. N kò rí ọwọ́ ara mi. Eruku ni mo ń rìn nínú rẹ̀, eruku kíkúnná tó bo gbogbo ibẹ̀ tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kankan wọlé. Mo fẹ́ ṣá iná, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan nítòsí mi.

"Má dá iná níbí, ọmọ mi. Mí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú, èémí rẹ gbóná."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ẹ kúulé o, Yèyé."

"Kúàbọ̀. Èmi ni Yèyé Kùrukùru. Ta ló rán ọ wá?"

"Ìyá mi ni. Ó ní kí n wá wo ohun tó wà níbí. Aráyé ní ó ṣófo."

"Dúró kí ojú rẹ mọ́ òkùnkùn lára," ni ó wí, "kí o sì fi ojú ara rẹ wò."

Mo dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Eruku náà ń rìn. Ó tò sí ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn kọjá ibi tí ojú mi mọ, gbogbo ọ̀nà náà sì ń wọ́ bọ̀ sí oríta kan ṣoṣo. Lẹ́bàá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, eruku ti ṣù síbí, ó ti ṣù sọ́hùn-ún. Ní oríta, ọ̀kan wà tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Mo rí i pé ó ń mí.

Ojú mi kún fún omi. Mo rò ó pé bí ìyá mi bá wà níbí, yóò jókòó sílẹ̀ ni.

"Ọmọ ni gbogbo wọn," ni Yèyé wí. "Àwọn ẹ̀bá ọ̀nà, ìwọ̀nba oúnjẹ ni wọ́n ń rí, wọn yóò kéré. Ti oríta yìí, gbogbo ọ̀nà ló ń gbé oúnjẹ bọ̀ wá fún un. Òun ni yóò ṣe ńlá."

"Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí òtútù mú wọn tó báyìí, Yèyé?"

"Eruku tó bá gbóná a máa tú ká. Èyí tí òtútù ń mú ló ń sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin náà ńkọ́, nígbà ọyẹ́, ṣé ẹ kì í sún mọ́ra lórí ẹní?"

Ó mú mi sún mọ́ ọmọ oríta náà. Eruku yí i ká ní ìbàdí bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó ń yí, ó ń yí. Yèyé ní ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun. Ó ní bí àkókò bá tó, òun yóò lu ihò méjì sí eruku tó bò ó, ọ̀kan lókè orí rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ooru rẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ jáde nígbà tí oúnjẹ ń gba ìbàdí wọlé. Bí kò bá sí ihò wọ̀nyí, ooru rẹ̀ yóò ti oúnjẹ rẹ̀ dànù.

"N kò tíì lù wọ́n," ni ó wí. "Nítorí náà má ṣe sọ ohunkóhun tí yóò mú orí rẹ̀ wú. Kò gbọdọ̀ mọ ara rẹ̀ kí ó tó yó."

"Ṣé yóò pẹ́ láyé, Yèyé, ọmọ tó tóbi tó báyìí?"

"Rárá. Ọmọ ńlá kì í pẹ́. Iná rẹ̀ pọ̀, ó ń jẹ ara rẹ̀ yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kú, ó ń bú gbàmù, irin tó ti sè nínú ara rẹ̀ a sì fọ́n ká sínú ayé. Ìbọn tí o gbé kọ́ èjìká yẹn, ikú ọmọ mi kan ni."

Ògúntádé alágbẹ̀dẹ, mo rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Láti ọjọ́ náà n kò lè gbé ìbọn lásán mọ́, mo máa ń kí i kí n tó gbé e. Ìwọ tí o ń fi òòlù lu irin látàárọ̀ dalẹ́, ìwọ lo mọ ohun tí wàá sọ.

Yèyé ní ọ̀nà kan dí lọ́hùn-ún, òun fẹ́ lọ là á. Ó ní kí n dúró ti ọmọ náà, kí n pa ẹnu mọ́. Mo ní mo ti pa á mọ́. Bí ó ti lọ tán ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ gbà mí gbọ́, mo fara dà á. Mo wo ibòmíràn. Mo ka ìka ọwọ́ mi. Ẹkún náà kò ròkè, ẹkún ọmọ tí kò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà nítòsí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, bí ọmọ bá ń ké, kí ni a ń ṣe fún un? A ó kì í ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ti ń ṣe fún mi, èmi tí oríkì mi ń jẹ́ Àjàgbé. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là, ohùn ìyá mi ló sì ń jáde níbẹ̀:

"Àjàgbé, rọra o,
Ọmọ a-rìn-nínú-igbó-bí-ẹni-tí-ń-rìn-lọ́dẹ̀dẹ̀,
Ọmọ olóko etí odò tí í fi ìkòkò ńlá se ẹran,
Àjàgbé, a wá ọ títí kí a tó rí ọ,
Dákẹ́, ìyá rẹ kò lọ síbì kankan."

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń yin ara mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí orí rẹ̀ ń wú. Ẹ mọ bí ara ti máa ń rí bí wọ́n bá ń kì yín, bí orí ti máa ń wú, bí èèyàn ti máa ń rò pé òun tó ẹni tí ń ja ẹkùn lápá. Ọmọ náà gbọ́ oríkì, ó mọ ara rẹ̀, ó sì gbiná. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bú jáde ní gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ihò lórí, kò sí ihò lẹ́sẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ já, eruku tó ń bọ̀ lọ́nà gbogbo yí padà, oúnjẹ rẹ̀ ń sá fún un. Mo na ọwọ́ méjèèjì láti kó o padà, ó ń gba àárín ìka mi kọjá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Yèyé Kùrukùru dé. Kò bú mi. Ì bá sàn bí ó bá bú mi.

"Oríkì ta ni o kì fún un?" ni ó bi mí.

"Tèmi ni, Yèyé. Ẹkún rẹ̀ ló wọ̀ mí lára. Ẹ forí jì mí."

"Oríkì náà ti pọ̀ jù fún un," ni ó wí. Ó jókòó ti ọmọ náà. "Ọ̀nà kan ṣì wà. Jókòó tì í ní apá kejì, kí a jọ máa da eruku padà sí ìbàdí rẹ̀, títí n ó fi lu ihò rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá yín ni yóò gbà. Bí o bá lọ, agbára èmi nìkan kò ká a, yóò kéré bí àwọn ẹ̀bá ọ̀nà. Yóò máa jó díẹ̀díẹ̀. Àwọn kékeré kì í tètè kú, yóò wà láyé lẹ́yìn gbogbo àwọn ńlá tí mo ti bí àti àwọn tí n ó bí. Ṣùgbọ́n irin kò ní í ti ara rẹ̀ jáde láéláé."

Mo wo ọmọ náà. Mo rò ó pé ìyá mi kò ní ọdún mẹ́wàá. Bí mo bá dúró, ta ni yóò sọ fún un pé ibẹ̀ kò ṣófo? Èyí ni mo sọ fún Yèyé, òótọ́ sì ni. Òótọ́ kejì ni pé ojú ń tì mí, mo fẹ́ kúrò níwájú ohun tí mo bàjẹ́. Yèyé mi orí. "Lọ bá ìyá rẹ," ni ó wí. "Èmi náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìyá máa retí ọmọ." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì lọ. N kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo délé, oṣù méje ti kọjá. Ìyá mi ṣì wà láàyè. Ó ti rù, ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó tóbi lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ létí ibùsùn.

"Màámi, kò ṣófo."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọmọ ni. Ọmọ ló kún ibẹ̀."

Áà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá rí ojú ìyá mi lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ, kí n má fo nǹkankan. Mo sọ ti òtútù, mo sọ ti ọ̀nà eruku, mo sọ ti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo sọ bí àwọn ńlá ti ń se irin nínú ara wọn, bí wọ́n ti ń bú gbàmù nígbà tí wọn kò tíì pẹ́ láyé, mo sì fi ìbọn mi hàn án, ó fi ọwọ́ pa á lára. Mo sọ fún un pé ọmọ oríta náà sunkún, pé mo kì í ní oríkì tí òun máa ń kì fún mi.

"Ó dákẹ́?" ni ó bi mí.

"Ó dákẹ́, Màámi."

"Báwo wá ni ó ti rí nígbà tí o fi í sílẹ̀?"

Ibí yìí ni mo ti ń purọ́ fún yín láti ogójì ọdún. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, mo ní oríkì mi ló sọ ọmọ náà di òmìrán. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pa irọ́ náà fún. N kò lè sọ fún un pé oríkì rẹ̀ ló ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo ní, "Ó dàgbà, Màámi. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn. Yèyé ní irú rẹ̀ kò tíì sí rí."

Mo ń retí kí ó tún rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí ògiri.

"Ó tóbi jù," ni ó wí. "Òun ni kò ní í pẹ́ láyé nìyẹn." Ẹkún ló ń sun. "Ìyá rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn títí bẹ́ẹ̀ yẹn kí ó tó rí i. Ta ló ń wá irin? Ì bá kéré, Ọdẹ́gbàmí. Ì bá kàn kéré, kí ó pẹ́."

Mo la ẹnu. Òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé ẹnu tí mo fi ní ibẹ̀ kò ṣófo náà ni mo fi purọ́ fún un, mo sì jẹ́ ọdẹ ńlá lójú ìyá mi. Mo ní lọ́la ni n ó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń sunkún ọmọ náà, mo tún ní lọ́la. Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Ẹ lè wòkè nígbàkígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ẹ kò ní í rí i, eruku ṣì bò ó. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó kéré, ó ń jó díẹ̀díẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni láyé mọ́ tó gbọ́ orúkọ mi rí. Ohun tí ìyá mi ń tọrọ gan-an nìyẹn. Ó wà lẹ́nu mi fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, n kò fi í fún un.